Bí A Ṣe Lè Dé Ojú Oórì Ẹni Wa Tí Ó Wà Lórí Ilẹ̀ Ẹlòmíràn ní Èkìtì

Ní Èkìtì, púpọ̀ nínú àwọn àgbà wa kò sùn sí itẹ́ òkú ìlú. Inú iyàrá ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ni a sin àwọn kan sí, ẹ̀yìnkùlé tàbí iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn mìíràn wà, àwọn kan sì wà ní abà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó nígbà ayé wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ náà bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí, kò sí ẹni tí í béèrè ọ̀nà tí ó lọ sí ojú oórì. Ọjọ́ tí ilẹ̀ bá di ti ẹlòmíràn, tí ó mọ ògiri yí i ká, tí ó sì fi géètì irin sí i, ni ọmọ máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí ẹ̀tọ́ òun jẹ́.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ìdílé tèmi. Oórì bàbá bàbá mi wà ní abà kan tí kò jìnnà sí Ìjerò, lábẹ́ igi ọsàn tí òun fúnra rẹ̀ gbìn. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wa ta ilẹ̀ náà mọ́ oko kòkó tí ó wà lórí rẹ̀, ìwé tí wọ́n kọ kò sì dárúkọ oórì rárá. Nígbà tí a dé ibẹ̀ láti ṣe ìrántí, ẹni tí ó ra ilẹ̀ ní òun kò mọ̀ wá rí, òun kò sì mọ̀ pé òkú wà níbẹ̀. Kò purọ́, kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Ọdún mẹ́rin ni ó gbà wá kí a tó tún fojú kan oórì náà. Ohun tí mo kọ́ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, lọ́wọ́ àwọn agbẹjọ́rò, àwọn awọnlẹ̀ àti àwọn àgbà tí wọ́n mọ ọ̀ràn ilẹ̀, ni mo kọ síhìn-ín, kí ẹlòmíràn má baà pẹ́ tó bí a ti pẹ́.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ mú dání bí ẹ ti ń kà á lọ. Ilẹ̀, àti ìwé tí a kọ lé ilẹ̀ lórí, ni ẹ̀tọ́ láti dé ojú oórì ti ń wá. Pé ẹni tí ó wà nínú oórì ni ó bí wa kò tó láti ṣí géètì ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ó dùn wá tó.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978, tí ó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ ìtọ́jú Gómìnà, kò mẹ́nu kan oórì. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dárúkọ itẹ́ òkú nínú Àfikún Kẹrin, níbi tí ó ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: àwọn ni yóò máa dá itẹ́ òkú sílẹ̀, tí wọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ti itẹ́ òkú ìlú nìyẹn. Ní ti oórì tí ó wà lórí ilẹ̀ ẹnìkan, ìlànà tí a máa bá pàdé kọ́kọ́ ni abala 14 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀, tí ó sọ pé ẹni tí ìjọba bá fún ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kan ni ó ní àṣẹ lórí rẹ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ, àfi Gómìnà. Abala 38 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè fún olúkúlùkù ní òmìnira láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀, yálà ó fẹ́ ka Kùránì ní ojú oórì, ó fẹ́ kọ orin ìyìn, tàbí ó fẹ́ ta omi tútù sílẹ̀ kí ó sì pa obì. Ṣùgbọ́n òmìnira yẹn kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín.

Ẹni tí ó bá wá ọ̀rọ̀ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí òfin Amẹ́ríkà kí ó tó rí ti ilé. Ní ìpínlẹ̀ Virginia, òfin pàṣẹ fún ẹni tí oórì bá wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí ẹbí àti àtọmọdọ́mọ òkú wọlé ní àkókò tí ó bójú mu, bí wọ́n bá ti fi tó o létí ṣáájú. Florida àti Texas náà ní òfin lórí ọ̀nà sí ojú oórì. Àwọn òfin wọ̀nyẹn kò dé Adó. Mo mọ ọmọ Èkìtì kan tí ó ti òkè òkun dé, tí ó tẹ òfin ìlú tí ó ń gbé sórí ìwé, tí ó sì nà án sí onílẹ̀ lójú ẹ̀nu ọ̀nà. Ìbínú ni wọ́n fi pínyà, oórì ìyá rẹ̀ sì wà nínú ọgbà náà di òní.

Ẹ má ṣe fọ́ kọ́kọ́rọ́, ẹ má sì fo ògiri. Abala 81 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti àpapọ̀ sọ pé ẹni tí ó bá wọ ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní àlàáfíà, lọ́nà tí ó lè dá ìjà sílẹ̀, jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, ó sì fi kún un pé bóyá ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibẹ̀ tàbí kò ní, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tí ó ní ẹ̀tọ́ tí ó sì fi ipá lò ó lè di ọ̀daràn, kí ẹni tí ó dí i lọ́nà sì di olùpẹ̀jọ́. Bákan náà ni òfin kò dá onílẹ̀ sí: abala 242 nínú òfin kan náà ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún ẹni tí ó bá ṣe òkú ènìyàn ní ìṣekúṣe láìní ìdí tí òfin mọ̀. Ẹni tí ó bá ń pète láti fi katakátá hú egungun bàbá ẹlòmíràn kí ó lè fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ yẹ kí ó mọ èyí. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀, nítorí náà kí ẹ bi agbẹjọ́rò yín bí ó ṣe gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì kalẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀

Gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù dúró lórí ìdáhùn ìbéèrè yìí, àṣìṣe tí ó sì wọ́pọ̀ jù ni pé ẹbí máa ń ro ara wọn sí àlejò lórí ilẹ̀ tí ó ṣì jẹ́ tiwọn.

Bí ilẹ̀ bá ṣì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, ì báà kọ́ ilé ńlá sí i, ì báà mọ ògiri yí i ká, kì í ṣe olówó ilẹ̀. Alágbàtọ́ ni. Ọmọ ẹbí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wọlé kí ó sì jáde, kò sì sí ọmọ kan tí ó lè ti ìlẹ̀kùn ilé bàbá mọ́ ọmọ mìíràn. Àwọn obìnrin ni a sábà máa ń fi èyí dù, tí wọn yóò sọ fún wọn pé ọkọ ti fẹ́ wọn lọ, nítorí náà wọn kò ní ọ̀rọ̀ nílé mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí ilé ẹjọ́ dá ní Èkó ní ọdún 1908 ni ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí gẹ́gẹ́ bí ọmọkùnrin, àní pé bí àkọ́bí ọkùnrin tí ó jẹ́ olórí bá ti kú, ọmọ tí ó dàgbà jù tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ni ó tọ́ sí ipò olórí ẹbí. Ẹ̀yin ọmọbìnrin Èkìtì tí wọ́n lé kúrò ní ojú oórì bàbá yín, ẹ má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí olórí ẹbí pàṣẹ kí ẹ wọlé, kí akọ̀wé ẹbí sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ olórí ẹbí gan-an ni ó ti ìlẹ̀kùn, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ fún un.

Ẹ wádìí dáadáa bóyá ẹbí ti pín ilẹ̀ náà rí, ì báà jẹ́ ní ìdí igi, ìyẹn ní iye ìyàwó tí ó bímọ, tàbí ní orí òjorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Pínpín máa ń sọ ilẹ̀ ẹbí di ti ẹni tí a pín in fún, kì í sì í ṣe alágbàtọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n bá pín ilẹ̀ tí oórì wà lórí rẹ̀, àwọn àgbà tí wọ́n ní làákàyè máa ń yọ ojú oórì sẹ́yìn kí ó jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ẹ wá ẹni tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kí òun náà tó lọ.

Oko tí a fi fún àgbẹ̀ tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹbí tí ó fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lè yí padà: ọ̀pọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n wá láti ibòmíràn ti kú sí oko tí wọ́n ń dá ní Èkìtì, tí onílẹ̀ sì yọ̀ǹda kí a sin wọ́n sí ibẹ̀. Sísin òkú kò sọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ti àgbẹ̀. Ọmọ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, pàápàá bí ìṣákọ́lẹ̀ bá ti dópin.

Bí a bá ti ta ilẹ̀, ẹ béèrè ẹni tí ó tà á. Ìlànà tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé ni pé títà tí ọmọ ẹbí kan dá ṣe láìsí olórí ẹbí kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá. Títà tí olórí ẹbí ṣe láìsí àwọn àgbà ojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan dúró títí ẹni tí kò fọwọ́ sí i bá lọ sí ilé ẹjọ́ láti yí i padà. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tóbi, nítorí pé èyí èkejì ní àkókò tirẹ̀. Ẹbí tí ó ń wo ẹni tí ó ra ilẹ̀ bí ó ti ń da kọnkéré, tí ó ń kọ́lé, tí ó ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọn kò sọ nǹkan kan, lè dé ilé ẹjọ́ kí adájọ́ sọ fún wọn pé ìdákẹ́ wọn ti di ìfọwọ́sí.

Kí ẹ tó yọ ẹsẹ̀ lọ bá onílẹ̀

Ẹ kó ẹ̀rí jọ ná. Ìwé ìtà ilẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé bí gbólóhùn kan bá wà nínú rẹ̀ nípa oórì tàbí ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, agbẹjọ́rò lè yẹ àkọsílẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ní Adó-Èkìtì, bí wọ́n bá fi orúkọ ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àwòrán ìsìnkú, ìwé ètò ìsìnkú tí a tẹ̀ nígbà náà tí ó dárúkọ ibi tí a sin òkú sí, àti àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n lè tọ́ka sí ojú ibẹ̀. Bí pérégún tàbí akòko tí a gbìn síbẹ̀ bá ṣì dúró, ẹ ya àwòrán rẹ̀ láti ojú ọ̀nà láìwọlé. Ẹ lè fi fóònù sàmì sí ibẹ̀ lórí Google Maps bí ẹ bá dé itòsí, kí awọnlẹ̀ lè bá yín fi í wé ìwé sọ́fè.

Ohun tí a lè rí lójú ilẹ̀ ní agbára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí oórì hàn lórí rẹ̀ gbangba, tí símẹ́ńtì wà, tí orúkọ wà, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ tí koríko ti bo oórì, tí kò sí òkúta kan, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un, ní àwíjàre tí ó dára níwájú adájọ́. Ti bàbá bàbá mi nìyẹn. Igi ọsàn nìkan ni ó dúró, igi ọsàn kì í sì í sọ̀rọ̀.

Agbẹjọ́rò lè dárúkọ ọ̀nà tí ènìyàn ti ń gbà fún ogún ọdún láìfi ipá, láìfi pamọ́, tí kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ irú lílò bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀tọ́. Ẹ má fi gbogbo ọkàn gbé e. Irú ẹ̀tọ́ ọ̀nà yẹn máa ń so mọ́ ilẹ̀ mìíràn tí ó wà nítòsí tí ọ̀nà náà ń ṣe láǹfààní. Ẹbí tí ó ti ta gbogbo ilẹ̀ tí ó ní ní àgbègbè náà kò ní ilẹ̀ tí ọ̀nà lè so mọ́, ohun tí ó kù fún wọn kò sì ju àyè tí onílẹ̀ bá yọ̀ǹda lọ. Àyè tí a yọ̀ǹda dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fún ni lè gbà á padà, kì í sì í bá ilẹ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tí ó bá tún rà á.

Bí a ṣe ń tọrọ àyè

Ó yẹ kí a mọ ohun tí onílẹ̀ ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1976, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé ilẹ̀ jẹ́ tiwa sílẹ̀ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba: ìtàn ìwáṣẹ̀, ìwé, lílo ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olówó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, gbígbé orí rẹ̀ pẹ́ títí, àti níní ilẹ̀ tí ó bá a pààlà. Gbogbo ẹni tí ó ti lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ilẹ̀ ní Èkìtì mọ̀ pé oórì àwọn baba ńlá ni ẹlẹ́rìí máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ wá gbàdúrà, ohun tí onílẹ̀ ń gbọ́ ni pé ẹ fẹ́ wá gba ilẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ìwé yín gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó mú ẹ̀rù yẹn kúrò.

Ẹ má ṣe fi àbúrò tí ó kéré jù ránṣẹ́, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ìrántí gan-an pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti ìlù. Kí àgbà méjì lọ ní oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n mú ìwé dání, kí wọ́n kí onílẹ̀ bí a ti ń kí ẹni tí a wá sí ilé rẹ̀, kí wọ́n sì jókòó bí ó bá ní kí wọ́n jókòó. Ìwé tí àwa kọ nìyí, mo sì yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀:

“Alàgbà, a kí yín, a sì kí gbogbo ilé. Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ olóògbé … ni a kọ ìwé yìí sí yín. Oórì bàbá wa wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn oko yín, lábẹ́ igi ọsàn tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà odò. Àwòrán ìsìnkú rẹ̀ wà pẹ̀lú ìwé yìí. A gbà pé ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀ náà, a kò sì bèèrè apá kankan nínú rẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ jẹ́ kí ènìyàn tí kò ju mẹ́wàá lọ máa wá ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán, láti gé koríko ojú oórì kí a sì gbàdúrà. A ó máa fi tó yín létí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. A kò ní dáná nínú oko, a kò ní kọ́ ohunkóhun, ohun tí a bá sì bàjẹ́ ni a ó tún ṣe.”

Gbólóhùn tí ó sọ pé “ẹ̀yin ni ẹ ni ilẹ̀ náà” ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún wa. Òun kan náà ni ó lè pa ẹjọ́ yín. Bí ẹbí bá gbà pé wọn kò ta ilẹ̀ náà lọ́nà tí ó tọ́, tí wọ́n sì ń ronú láti lọ sí ilé ẹjọ́ láti gbà á padà, ẹ má ṣe kọ gbólóhùn náà, nítorí pé agbẹjọ́rò onílẹ̀ yóò fi í hàn adájọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí láti ẹnu yín. Ẹbí ní láti jókòó kí wọ́n pinnu ọ̀kan nínú méjèèjì kí ìwé kankan tó jáde: ṣé ilẹ̀ ni a ń wá, tàbí oórì? Àwọn tí wọ́n ń wá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni mo rí tí wọ́n ń pàdánù méjèèjì.

Bí onílẹ̀ bá gbà, kí òun náà fọwọ́ sí ìwé, kí ẹlẹ́rìí kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ọ́ pé òun yóò fi ọ̀rọ̀ oórì tó ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ òun létí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àdéhùn mọ́ bí ẹ ti sọ ọ́. Bí ẹ bá sọ pé mẹ́wàá, kí ó má di ogójì.

Bí onílẹ̀ bá kọ̀

Àwọn ìjòyè àdúgbò ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn wọn ààfin ọba ìlú náà. Ọba kò lè fún yín ní ẹ̀tọ́ tí òfin kò fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wúwo, ó sì ṣòro fún ẹni tí ó ń gbé inú ìlú láti jókòó níwájú àwọn àgbà kí ó sọ pé ọmọ kò ní rí oórì baba rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni tiwa ti yanjú. Bí onílẹ̀ bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tàbí ìjọ, ẹ kọ ìwé sí ẹni tí ó wà ní òkè pátápátá, nítorí pé ọdẹ tí ó wà ní géètì kò ní àṣẹ láti gbà yín láàyè.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, àfi bí ìjà bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ tàbí bí ẹnìkan bá ń hú òkú. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere ní abala 32 pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn tàbí nítorí àdéhùn tí a yẹ̀. Ẹ má fi owó ṣòfò láti fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ onílẹ̀. Òun náà lè san jù yín lọ.

Bí ó bá di ti ilé ẹjọ́, irú ẹ̀tọ́ tí ó wà lórí ilẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ẹ ó lọ. Òfin Ìlò Ilẹ̀, ní abala 39, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Gómìnà lé Ilé Ẹjọ́ Gíga lọ́wọ́. Abala 41 sì gba ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ láàyè láti gbọ́ ti ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣà, tí púpọ̀ nínú oko àti abà wa wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ lè bèèrè ni kí ilé ẹjọ́ kéde ẹ̀tọ́ yín, kí ó sì pàṣẹ kí onílẹ̀ má ṣe wó oórì tàbí kọ́lé lé e lórí títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council tí ó wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó dá a sílẹ̀ fún àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan.

Ẹbí kan lè rò ó pé ó sàn kí àwọn kó òkú wọn kúrò. Ó ṣeé ṣe, bí onílẹ̀ bá gbà, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọ́dọ̀ hú u lóru pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ gba ìwé àṣẹ, kí ẹ sì ti ní ibi tí ẹ ó tún un sin sí. Ìjọba náà lè gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn lábẹ́ abala 28 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀. Abala 29 ka ilé, irè oko àti àtúnṣe tí a ṣe sórí ilẹ̀ mọ́ ohun tí a ń san owó gbà-má-bínú lé, kò dárúkọ oórì. Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń fi ọ̀dà pupa sàmì ni kí ẹ ti kọ ìwé pé òkú yín wà níbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín

Ìhín ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù, nítorí pé ohun tí ọdún mẹ́rin kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe fún wa, ìlà mẹ́fà nínú ìwé ìbá ti ṣe é. Bí ẹbí bá fẹ́ ta ilẹ̀ tí oórì wà lórí rẹ̀, kí wọ́n má ta ojú oórì mọ́ ọn. Kí awọnlẹ̀ gé ibẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó ri òpó ààlà mẹ́rin mọ́ ọn, kí ó sì fa ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ojú títì nínú ìwé sọ́fè. Nípa bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kékeré yẹn ṣì jẹ́ ti ẹbí, ọ̀nà sì ní ilẹ̀ tí ó lè so mọ́. Owó tí ó máa dín kù lórí ilẹ̀ kò tó nǹkan. Gbólóhùn tí agbẹjọ́rò wa kọ fún ilẹ̀ mìíràn tí a tà lẹ́yìn náà nìyí:

“Ẹbí kò ta ibi tí oórì olóògbé … wà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 6 tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4, gẹ́gẹ́ bí a ti fi ìlà pupa yí i ká nínú ìwé sọ́fè tí ó wà pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹni tí ó ra ilẹ̀, àwọn àrólé rẹ̀, àti ẹnikẹ́ni tí ó bá tún rà á lọ́wọ́ wọn, yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹbí máa gba ọ̀nà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 2 láti ojú títì dé ibẹ̀ ní ojúmọmọ, láti tọ́jú oórì àti láti ṣe ìrántí.”

Ẹ kíyè sí i pé ó dárúkọ àwọn tí yóò tún rà á. Láìsí ìyẹn, ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á nìkan ni àdéhùn mú. Kí a gba àṣẹ Gómìnà sí ìwé náà bí abala 22 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti béèrè fún ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣẹ Gómìnà, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ àṣà, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Adó, kí ẹni tí ó bá yẹ àkọsílẹ̀ wò lẹ́yìn ogún ọdún lè rí i.

Ẹni tí kò tíì sin òkú rẹ̀ ṣì ní àyè láti yan ibi tí ó dára. Abala 246 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti àpapọ̀ kò gba sísin òkú sínú ilé tàbí àgbàlá nínú ìlú, tàbí ní ibi tí kò tó ọgọ́rùn-ún yáàdì sí ilé gbígbé, láìgba àṣẹ Ààrẹ tàbí ti Gómìnà. Mo mọ̀ pé àṣà wa kò fi bẹ́ẹ̀ ka òfin yìí sí. Síbẹ̀, ẹbí tí ó gba àṣẹ ní ìwé tí ó fi hàn ibi tí òkú wọn wà àti ọjọ́ tí a sin ín, irú ìwé bẹ́ẹ̀ sì ni a wá títí tí a kò rí ní Ìjerò.

Ìwé mẹ́rin ni kí ẹ ṣe nínú ohun gbogbo tí ẹ bá fọwọ́ sí: ọ̀kan fún ẹni tí ó ra ilẹ̀, ọ̀kan fún olórí ẹbí, ọ̀kan fún agbẹjọ́rò, ọ̀kan fún ọmọbìnrin ilé kan tí ó ń gbé ibòmíràn, nítorí pé ìwé tí ó wà nínú àpótí olórí ẹbí máa ń sọnù ní ọ̀sẹ̀ tí a bá sin olórí ẹbí.